Ìyá Abẹ́rẹ́ àti Ọrọ̀ Tó Bà Á Lẹ́rù

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ọ̀run dá lójú jù lọ nínú ìjọ náà, ẹ má wulẹ̀ wo iwájú níbi tí pásítọ̀ àti àwọn alàgbà ń jókòó sí. Bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni kí ẹ wò. Ibẹ̀ ni Ìyá Abẹ́rẹ́ máa ń wà, nínú aṣọ tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tún rán títí àbùlẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju aṣọ lọ, pẹ̀lú bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sápá kan. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Abẹ́rẹ́ nítorí pé aránṣọ ni, àti nítorí pé ẹnu rẹ̀ náà mú.

Ọkọ rẹ̀ ti kú nígbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ṣì ń rákò. Máṣínnì ẹlẹ́sẹ̀ tó wà nínú yàrá rẹ̀, yàrá kan ṣoṣo tó kọjú sí òpópónà, ló fi tọ́ ọmọ náà títí tó fi di nọ́ọ̀sì. Kò tọrọ, kò jalè. Bí ẹni tó ń kọjá lọ bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, á dáhùn láìgbójú sókè pé: "Iṣẹ́ ò lówó, ṣùgbọ́n ó mọ́. Mo fẹ́ wọ ọ̀run láìgbẹ́rù ni tèmi."

Ìyá tó bí i ló fi ọ̀rọ̀ náà sí i lọ́kàn láti kékeré. Ìyá yẹn máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì pé owó àti ìgbàlà kì í sùn lórí ẹní kan náà. Ìyá Abẹ́rẹ́ tó jẹ́ àgbà di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni di okùn kànga mú. Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yan búrẹ́dì nínú ààrò kékeré kan lẹ́yìn ilé, búrẹ́dì náà dùn, àwọn èèyàn ń pọ̀ sí i, títí ààrò kékeré fi di ilé iṣẹ́ ńlá, tí ọkọ̀ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn ń gbé búrẹ́dì jáde láti ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Oníbúrẹ́dì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìjọ kan náà ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n iwájú ni ìjókòó tirẹ̀ wà, lábẹ́ fáànù.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ló ń ṣáájú àdúrà àwọn obìnrin ní ọjọ́rú. Kò sí ọjọ́rú tí kì í dé orí àbúrò rẹ̀.

"Olúwa," ni á máa ké, tí ohùn rẹ̀ á sì gba inú ilé kan, "gba àbúrò mi lọ́wọ́ owó! Má jẹ̀ẹ́ kó dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run kó bá a ní títì!"

Àwọn obìnrin á ní àmín, àmín á mi ilé. Oníbúrẹ́dì á wà láàárín wọn, á tẹrí ba, á ní àmín pẹ̀lú.

Ní ìgbà òjò kan, òrùlé Ìyá Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó gbé korobá sábẹ́ ibi tó ń jò, ó sún máṣínnì rẹ̀ sí igun, ó ń báṣẹ́ lọ. Àbúrò rẹ̀ gbọ́, ó sì rán káfíńtà sí i. Ìyá Abẹ́rẹ́ jáde, ó ní kí káfíńtà sọ̀ kalẹ̀ látorí àkàbà kó padà síbi tó ti wá. Kò pẹ́ tí Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Òjò ń pa yín."

"Ara ni òjò ń pa, kò pa ẹ̀mí mi. Ìwọ tí òjò ò pa, ẹ̀mí rẹ ńkọ́?"

Oníbúrẹ́dì dúró nínú òjò náà, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ tí èèyàn ò lè mọ èyí tó jẹ́ òjò níbẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ padà sídìí máṣínnì, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn bí inú ẹni tó ti jẹ́rìí níwájú ọba.

Bí ayé rẹ̀ ṣe ń lọ nìyẹn, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ tibi iṣẹ́ dé tí kò lè jẹun.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Màámi, obìnrin kan ló wà ní wọ́ọ̀dù wa. Omi gbígbóná ló bó o lápá méjèèjì. Ìgbàkígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, orí la máa ń gbé e gbà, a ó sì fa apá rẹ̀ wọ inú ọwọ́ aṣọ. Igbe tó ń ké ò kúrò létí mi."

Ìyá Abẹ́rẹ́ dìde. Ó fa aṣọ ìbora àtijọ́ kan yọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì. Ó ti rí aṣọ tó fẹ́ rán lójú inú kí ọmọ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ tán. Ó gé e láti ọrùn gba èjìká títí dé ìparí ọwọ́, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó ká etí rẹ̀ kí ó má baà ha awọ ara, ó sì rán okùn aṣọ rírọ̀ mọ́ ọn léraléra, gẹ́gẹ́ bí ibi tí bọ́tìnnì ì bá wà. Ohun tó jáde ni aṣọ tí èèyàn lè tẹ́ sára aláìsàn níbi tó dùbúlẹ̀ sí, bí ìgbà tí a bá ń da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn, kí a wá so ó láìgbé apá sókè rárá.

"Mú un lọ fún un," ló wí. "Sọ fún un pé kó pẹ̀lẹ́."

Obìnrin náà ò ké nígbà tí wọ́n wọ aṣọ yẹn fún un. Métírọ̀n tó ń kọjá ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé wọ́ọ̀dù dákẹ́. Ó wá wo aṣọ náà, ó fọwọ́ kan okùn rẹ̀, ó béèrè ẹni tó rán an. Kò pẹ́ tí ọsibítù náà ní kí Ìyá Abẹ́rẹ́ máa rán an fún àwọn. Ọ̀rọ̀ rere kì í pẹ́ rìn láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. Ọsibítù kejì gbọ́, èyí tó wà lódìkejì odò gbọ́, àwọn tí wọn kò tilẹ̀ mọ ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí i.

Ó kọ́kọ́ pe aládùúgbò rẹ̀ kan pé kó wá bá òun ká etí aṣọ. Lẹ́yìn náà ó pe opó mìíràn, àti ọmọbìnrin kan tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá ò gbà wọ́n mọ́, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ṣọ́ọ̀bù ò gbà wọ́n, wọ́n gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan látìgun dé igun, pẹ̀lú máṣínnì oníná tó tò lọ rẹrẹ, tí ariwo wọn dà bí ìgbà tí oyin bá ń kùn. Aṣọ funfun ń gòkè bí òkìtì ìrì dídì. Owó náà wọlé tọ Ìyá Abẹ́rẹ́ bí ẹni tó ti mọ̀nà tipẹ́, tí wọ́n kàn ti ìlẹ̀kùn mọ́ látẹ̀yìnwá.

Ẹ̀rù bà á.

Ẹ má rò pé àwàdà ni. Ẹ̀rù owó ba obìnrin yìí bí ejò ṣe ń ba ọmọdé lẹ́rù. Kò pààrọ̀ bàtà rẹ̀. Kò kúrò nínú yàrá tó ń jò. Bí ọkùnrin báńkì bá pè é, á gbé fóònù jìnnà sétí. Àwọn tó ń fún èèyàn níjòkòó nínú ìjọ, tí wọ́n ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti ọdún pípẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba fún un: "Màmá, ẹ bọ́ síwájú, a ti tọ́jú àyè fún yín." Á di bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ.

"Màámi," ni ọmọ rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan, "kí lẹ̀ ń sá fún?"

"Ìyá mi ò ní mọ̀ mí mọ́ tó bá rí mi."

Ọjọ́rú dé. Ó dìde láti ṣáájú àdúrà bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé ohùn sókè: "Olúwa, gba àbúrò mi lọ́wọ́..." Ọ̀rọ̀ tó kàn há sí i lọ́fun bí egungun ẹja. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ti la ẹnu sílẹ̀ fún àmín. Ta ni yóò gba òun alára lọ́wọ́ owó? Oníbúrẹ́dì yíjú padà láti iwájú, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ jókòó, ó fọwọ́ bo ojú.

Ní ọjọ́ kejì, ó gba ilé ìjọ lọ. Ó bá pásítọ̀ lórí àga, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń kun férémù fèrèsé. Arúgbó ni pásítọ̀ náà, ó fẹ́ràn ẹ̀rín, kò sì fi ìgbà kankan ga ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ.

"Pásítọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá gba gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo kí ni?"

"Owó náà, ilé iṣẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo fẹ́ kó o fún ìjọ lónìí yìí, kí ọkàn mi balẹ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá."

Pásítọ̀ rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì lé ẹnu agolo, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó lórí àga tó ti ń dúró lé.

"Ẹ̀yin tí ẹ fi abẹ́rẹ́ jẹun láti ìgbà èwe," ló wí, "ojú abẹ́rẹ́ náà lẹ wá ń bẹ̀rù."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ má fi mí ṣeré, Pásítọ̀. Ẹ̀yin náà ti wàásù rẹ̀ pé ó rọrùn fún ràkúnmí láti gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá ju kí ọlọ́rọ̀ wọ ìjọba ọ̀run lọ. Ọlọ́rọ̀ ò lè wọ̀ ọ́."

"Òtítọ́ ni, kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ló kú fún yín?"

"Jésù Olúwa ni."

"Òṣì yín ńkọ́? Ṣé òun náà kú fún yín?"

Ẹnu tó mú bí abẹ́rẹ́, kò rí ibi kankan gún.

"Mo béèrè," ni pásítọ̀ ń bá lọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ gan-an, "torí pé mo ti ń wò yín lórí bẹ́ǹṣì yẹn ó pẹ́. Àwọn kan wà níwájú tí wọ́n rò pé owó wọn ni Ọlọ́run fi mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin wà lẹ́yìn, ẹ rò pé àbùlẹ̀ yín ló fi mọ̀ yín. Ọ̀nà kan náà lẹ jọ ń tọ̀. Ọlọ́rọ̀ ò lè gba ara rẹ̀ là, òtòṣì náà ò lè gba ara rẹ̀ là. Ohun tí ọwọ́ èèyàn ò tó, tí ọwọ́ Ọlọ́run tó, òun là ń pè ní ìgbàlà. Ẹ̀bùn ni, Màmá. Kì í ṣe ọjà. Bí mo bá gba gbogbo owó yìí lọ́wọ́ yín báyìí, ọ̀run lẹ fẹ́ fi rà, n kò sì ní i tà."

"Ẹ ò ní gbà á?"

"Lónìí, rárá. Ọjọ́ tí ẹ̀rù ò bá bà yín mọ́, ẹ mú ohun tó bá wù yín wá, èmi náà á sáré gbà á. Òrùlé wa ń fẹ́ àtúnṣe."

Ó gun àga rẹ̀ padà, ó mú búrọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ò lè padà lọ sílé. Ó wọ inú ilé ìjọ, ó jókòó láàárín, kì í ṣe iwájú, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ìjọ ṣófo. Ojú rẹ̀ là sí ara rẹ̀: bó ṣe máa ń ka àbùlẹ̀ ara aṣọ rẹ̀ sí oyè, bí inú rẹ̀ ṣe dùn nígbà tí àbúrò rẹ̀ dúró nínú òjò. Ó rí i pé òun náà ti jẹ́ ọlọ́rọ̀ tipẹ́tipẹ́, pé ìgbéraga ni òun fi pamọ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń fi wúrà pamọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Olúwa," ló wí, "mi ò ní nǹkan kan."

Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọjọ́ tó ní ohun gbogbo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ tó sọ ọ́ tí nǹkan kan fi tú nínú àyà rẹ̀, bí ìgbà tí òwú tó ta kókó bá ṣàdéédéé tú lọ́wọ́ aránṣọ, tí gbogbo rẹ̀ wá ń yọ̀ lọ gbọọrọ. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Pásítọ̀ gbọ́ ẹ̀rín náà láti ojú fèrèsé, ó ń kun igi rẹ̀ lọ, ó ń mi orí.

Láti ibẹ̀, ilé búrẹ́dì ló gbà lọ tààrà. Ooru ààrò pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń sá sókè sódò, ìyẹ̀fun ti sọ irun wọn di funfun. Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ wà nídìí tábìlì ńlá, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó ń po ìyẹ̀fun pẹ̀lú wọn. Ìyá Abẹ́rẹ́ ò mọ̀ pé àbúrò òun ṣì ń ṣe é. Kò wọ ibẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé kò sí o? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àbúrò mi, mo ti fi àdúrà nà ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

Oníbúrẹ́dì dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa ń ṣe àmín sí i."

"Mo máa ń gbọ́ ọ. Kí ló ń mú ọ ṣe é?"

"Torí mo nílò rẹ̀ ni. Owó ń fa èèyàn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Lọ́dún tí mo ra ọkọ̀ àkọ́kọ́, mo jókòó sínú rẹ̀ ní ìta ibí yìí, mo ti ìlẹ̀kùn, mo sì sunkún torí inú mi ṣófo bí agbọ̀n. Ohùn yín ni mo gbọ́ létí, pé kí Olúwa gba àbúrò mi lọ́wọ́ owó. Mo ní Olúwa, gbà mí. Ó sì gbà mí, nínú ọkọ̀ yẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìdáhùn àdúrà yín ni mo jẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kàn ò bi mí rí bóyá Ọlọ́run ti dáhùn ni."

Ìyá Abẹ́rẹ́ fẹ́ kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ fi sáré yí tábìlì po, tó gbá a mú.

"Ẹ má dán an wò! Ẹ fẹ́ kí n kú ni? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!"

Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń sunkún, ọ̀kan ń bẹ̀, èkejì ń bẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa tú ara wọn sílẹ̀, ìyẹ̀fun ti kun Ìyá Abẹ́rẹ́ láti orí dé bàtà. Ọ̀gá àwọn tó ń yan búrẹ́dì ní bí wọn ò bá tètè gbọn ìyẹ̀fun ara màmá dànù, àwọn á gbé wọn sínú ààrò. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, àwọn obìnrin pé jọ, wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá Abẹ́rẹ́ dìde. Bàtà tuntun ló wọ̀, ó sì ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹni ẹlẹ́ni. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó mú un dìde.

"Olúwa," ló ké, tí ohùn àtijọ́ náà padà dé pẹ̀lú agbára tí wọn ò gbọ́ rí, "a dúpẹ́ pé O gba ọlọ́rọ̀! A dúpẹ́ pé O gba òtòṣì! A dúpẹ́ pé O gbà mí nígbà tí mo rò pé mo ti gba ara mi!"

Àmín yẹn kọjá òrùlé. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó, òmíràn tẹ̀lé e, kò sì sí ẹni tó padà jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n ń jáde, Ìyá Abẹ́rẹ́ bá pásítọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Pásítọ̀, ẹ̀rù ò bà mí mọ́."

"Ẹ ṣeun, Jésù! Ó yá, ẹ mú un wá."

Ó fún wọn ní òrùlé, tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọsibítù kan tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń wọ aṣọ tó wà lọ́rùn wọn nígbà tí wọ́n gbé wọn dé, torí kò sí òmíràn. Òun àti àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rán aṣọ fún gbogbo bẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀. Inú wọn dùn débi pé orin ni wọ́n fi ń rán an. Oníbúrẹ́dì yọ̀ǹda ọkọ̀ rẹ̀ kan, wọ́n kó aṣọ sí apá kan, wọ́n kó búrẹ́dì gbígbóná sí apá kejì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jókòó síwájú, ọmọ wọn nọ́ọ̀sì wà láàárín.

Wọ́n ti pín aṣọ dé wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin kí wọ́n tó bá ẹni tó fẹ́ fún wọn ní wàhálà. Ọkọ̀ bàbá náà ló takìtì lójú títì, tí wọ́n fi gbé e wá síbi tó sún mọ́ jù. Èèyàn ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ pé olówó ni. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì funfun di apá rẹ̀ kan, ṣẹ́ẹ̀tì olówó ńlá tí wọ́n gé lára rẹ̀ sì ń fì lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ.

"Èló ni?" ló béèrè nígbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹ́ aṣọ síwájú rẹ̀.

"Kò sí èló, bàbá. Ẹ̀bùn ni."

"Èmi kì í gba nǹkan ọ̀fẹ́. Ẹ sọ iye rẹ̀. Mo lówó rẹ̀."

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Wọ́n gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì.

"Kí lẹ̀ ń rín?" ni bàbá náà bi wọ́n tìbínútìbínú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, bàbá." Ìyá Abẹ́rẹ́ ń nu omi lójú. "Mo mọ ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. A jọ dàgbà. Owó yín dára, ẹ tọ́jú rẹ̀, yóò wúlò fún yín. Ṣùgbọ́n aṣọ yìí, ẹ kàn máa wọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ ò sì mọ̀ mí rí."

"A ò mọ̀ yín rí."

Bàbá náà gbójú sókè wo àjà. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó na apá rẹ̀ tí kò kán síwájú, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ wọṣọ fún. Ìyá Abẹ́rẹ́ yọ èyí tó ti ya, ó tẹ́ tuntun sí i láyà, ó so okùn ọrùn, ó so ti èjìká, ó gba orí apá tó kán kọjá láìjẹ́ kó dùn ún.

"Ṣé kò fún yín?"

"Kò fún mi." Ohùn bàbá náà ti yàtọ̀. "Ó rọ̀. Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ṣé gan-an."

Oníbúrẹ́dì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n búrẹ́dì ni kò lè mú un mọ́ra mọ́, ló bá gbé orin ọpẹ́ sẹ́nu. Ohùn rẹ̀ ò dáa, kò dáa rí láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbè é, nọ́ọ̀sì gbè é, ọkùnrin tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì gbè é, títí orin fi gba wọ́ọ̀dù kan láti fèrèsé dé fèrèsé. Bàbá olówó ò mọ orin náà. Ó wà nínú aṣọ tuntun rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan tí kò kán lu irin bẹ́ẹ̀dì sí i, ó ń lù ú kíkankíkan.